Ọwọ́ Ni Kó Ṣáájú, Òògùn Ni Kó Gbẹ̀yìn: Ìtọ́jú Oko Kòkó Kékeré

Oko hẹ́kítà kan sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ní, láti Ìdànrè dé Iléṣà, láti Òǹdó dé Ifẹ̀. Bàbá ló gbin púpọ̀ nínú igi wọ̀nyí, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti wà láti ayé bàbá bàbá. Ohun tí wọ́n ń kó wálé lórí hẹ́kítà kan kì í sábà ju kìlò 300 sí 400 lọ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ oko tí wọ́n tọ́jú dáadáa lórí irú ilẹ̀ kan náà lè so kìlò 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ ohun tó fà á, òògùn ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: òògùn wọ́n, ayédèrú òògùn pọ̀ lọ́jà, páǹpù ti bàjẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò iṣẹ́ ti dàrú kí ọ̀rọ̀ òògùn tó dé. Kíká èso tó ti ràn kúrò, rírẹ́ ọwọ́ igi, títún ìbòòji ṣe àti títètè ká èso tó pọ́n, àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó ṣáájú. Òògùn ló yẹ kó gbẹ̀yìn, níbi tó bá ti di dandan nìkan. Ẹni tó bá tẹ̀lé ètò yìí yóò dín ìnáwó kù, ilẹ̀ rẹ̀ yóò pẹ́, ara òun àti ti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yóò sì le. A kò ní kí ẹnikẹ́ni ju páǹpù nù. Ohun tí a ń wí ni pé páǹpù kò lè ṣe iṣẹ́ àdá.

Ibi tí àrùn dúdú ń fara pamọ́ sí

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora, kì í ti òkèèrè wá lọ́dọọdún. Inú oko ló ti ń lo ẹ̀ẹ̀rùn: nínú ilẹ̀, nínú èso gbígbẹ tí a fi sílẹ̀ lórí igi láti ọdún tó kọjá, àti nínú òkìtì èèpo níbi tí a ti fọ́ kòkó. Irú rẹ̀ tó burú jù, megakarya, ló gbilẹ̀ ní Nàìjíríà àti Cameroon, ilẹ̀ gan-an sì ni ibùba rẹ̀. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kán omi tó ta láti ilẹ̀ ni yóò gbé e sára àwọn èso tó wà nísàlẹ̀ igi. Ní bíi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, àmì kékeré kan tó pọ́n rúsúrúsú yóò yọ lára èso náà. Àmì yìí yóò máa fẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì ní pẹ́ tí ìyẹ̀ funfun kúnnákúnná yóò fi bo ojú rẹ̀. Ìyẹ̀ yìí ni irúgbìn àrùn náà. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ yóò máa fọ̀ ọ́ sórí èso tó wà nísàlẹ̀, èèrà àti kòkòrò yóò sì máa gbé e lọ sára igi mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èso náà yóò ti dúdú látòkèdélẹ̀, yóò sì ti kó ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí èyí já sí fún ẹni tó gbára lé páǹpù nìkan. Òògùn tó ní bàbà nínú, tí àgbẹ̀ ń lò jù fún àrùn yìí, kì í wo èso tó ti ràn. Ara èso tó ṣì dá ṣáká ló ń bò, kí àrùn má baà ráyè wọlé. Bí èso dúdú kan bá wà lókè igi, tí a kò sì ká a kúrò, gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ni yóò máa da àrùn sílẹ̀ láti òkè, bẹ́ẹ̀ òjò yẹn kan náà ló ń fọ òògùn dànù lára àwọn èso ìsàlẹ̀. Àgbẹ̀ yóò tún fín, yóò tún fín, owó rẹ̀ yóò tán, oríṣun àrùn yóò sì wà níbi tó wà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú: òun nìkan ló lè mú àrùn kúrò nínú oko, òògùn kàn lè dínà mọ́ ọn fún ìwọ̀nba ọjọ́ ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kí òjò tó dé, ká lọ yípo gbogbo igi, ká ká gbogbo èso gbígbẹ dúdú kúrò, ká gé àfòmọ́ àti ẹ̀ka tó ti kú, ká yọ èéhù tó hù yí ìdí igi ká, ká sì rẹ́ àwọn ẹ̀ka tó so kọ́ra débi tí atẹ́gùn kò fi lè kọjá. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, ká máa yípo oko lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀; bí ọwọ́ bá dí jù, kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, nítorí àsìkò yẹn ni èso kan fi ń dúdú tán. Ká mú àpò dání. Èso tó bá ti ní àmì ni ká gé sínú àpò, ká má ṣe jù ú sílẹ̀ sábẹ́ igi. Bí èyí tó ràn bá ti gbó tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n, ká fọ́ ọ lọ́jọ́ náà, nítorí èèpo ni àrùn máa ń kọ́kọ́ jẹ kó tó kan hóró. Èyí tó kéré, ká rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí igi. Dòjé tó mú tàbí àdá ni ká fi ká èso, ká má fi ọwọ́ fà á já: ojú ibi tí èso ti so lára igi yìí náà ni òdòdó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti yọ, bó bá ya, ó lè má so mọ́, àrùn á sì gba ojú ọgbẹ́ wọlé.

Òkìtì èèpo náà kò gbọ́dọ̀ kù sínú oko. Èèpo kòkó lọ́ràá ní pòtáṣíọ̀mù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn obìnrin wa fi ń fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó wúlò tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jẹrà níbi tí yóò ti máa tan àrùn kálẹ̀. Ká kó o jọ sí ojú kan lẹ́yìn oko, ká po ewé tútù àti ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, ká máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ooru inú òkìtì náà yóò pa àrùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó kéré tán, nígbà tó bá ti dúdú tó sì rọ̀, ká dá a padà sí ìdí igi. Ohun tí igi fà jáde nínú ilẹ̀ la dá padà fún un yẹn, láìra àpò ajílẹ̀ kan.

Ìbòòji tó tó, tí kò sì pọ̀ jù

Kòkòrò kápúsíìdì ni ọ̀tá kejì. Ó ń fa omi ẹ̀ka tútù àti ti èso mu, ojú ibi tó ti fa á yóò dúdú, ẹ̀ka náà yóò sì gbẹ. Nígbà tí ẹ̀ka bá gbẹ, ojú ọ̀run yóò ṣí, oòrùn yóò wọlé, koríko yóò hù, àwọn kápúsíìdì mìíràn yóò sì pé jọ síbẹ̀, nítorí ibi tí oòrùn ti ń wọ oko ni wọ́n fẹ́ràn jù. Nípa bẹ́ẹ̀, ihò kan tó ṣí lórí oko ń pe kòkòrò, kòkòrò sì ń fẹ ihò náà. Ẹni tó bá ń fín òògùn síbẹ̀ láìdí ihò yóò máa padà wá lọ́dọọdún. Dídí i kò ṣòro: ká gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọmọ kòkó síbẹ̀, tàbí ká jẹ́ kí èéhù kan tó lágbára dàgbà láti dípò ẹ̀ka tó kú. Níbi tí ewé kòkó bá ti padé lókè, koríko kì í rọ́nà hù, owó òògùn apakoríko sì ti wọ àpò nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní ìbòòji ló ń bí àrùn dúdú, pé oko tó tutù jù ni èso ti ń jẹrà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é tì dànù. Ìbòòji tó kéré ní gíga, tó sì ki, ń há ọ̀rinrin mọ́ inú oko. Ìbòòji igi gíga tí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn: ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, kì í sì í bo ju ìdá kan nínú mẹ́ta oòrùn tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ńlá bíi 15 sí 18 ló tó fún hẹ́kítà kan, kí wọ́n jìnnà síra tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 80. Àwọn mìíràn yóò ní kòkó tó wà nínú oòrùn gan-an ló ń so jù. Òótọ́ ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ṣe ní Tafo, ní orílẹ̀-èdè Ghana, fi hàn pé kòkó tí kò ní ìbòòji, tí wọ́n sì ń fún ní ajílẹ̀, so púpọ̀ ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Àgbẹ̀ tí kò lówó ajílẹ̀, tó sì fẹ́ kí oko rẹ̀ di ogún fún ọmọ, kò lè fi oko rẹ̀ ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kì í wá ṣe gbogbo igi ló dára fún ìbòòji. Ayùnrẹ́ àti afárá bá kòkó gbé dáadáa. Àràbà àti oṣè kò dára, nítorí wọ́n ń gba fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú sára. Àrùn yìí kò ní òògùn kankan láyé. Kòkòrò kékeré tó ní ìyẹ̀ funfun lára ló ń gbé e kiri. Àmì rẹ̀ ni iṣan pupa lára ewé tuntun, ẹ̀ka tó wú, àti èso tó ṣe róbótó dípò kó gùn. Ní Ghana, láti bí ọdún 1946, igi tó lé ní mílíọ̀nù 100 ni wọ́n ti gé nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá rí igi tó ní àmì yìí, kó gé e pẹ̀lú àwọn tó yí i ká, kó sì ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tàbí sí CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Níbí, ọwọ́ kò kàn ṣáájú òògùn. Ọwọ́ nìkan ló wà.

Nígbà tí òògùn bá di dandan

Ìtàn òògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní Gamalin kọ́ wa lọ́gbọ́n tó tó. Ní àwọn ọdún 1950 títí lọ, òun ni àgbẹ̀ fi ń pa kápúsíìdì, ó sì ṣiṣẹ́ débi tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi pa iṣẹ́ ọwọ́ tì. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, àwọn kápúsíìdì tí Gamalin kò ràn mọ́ ti pọ̀ ní Ghana àti ní Nàìjíríà. Májèlé náà, lindane, kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, nínú omi àti nínú ọ̀rá ara ènìyàn, èyí ló mú kí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fohùn ṣọ̀kan ní ọdún 2009 láti mú un kúrò lóko. Kòkòrò lè mọ bí yóò ṣe bá òògùn gbé. Kò lè mọ bí yóò ṣe bá oko tí ewé rẹ̀ padé, tí wọ́n sì ń yípo lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, gbé.

Òògùn tún ń pa ọ̀rẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀tá. Òdòdó kòkó kì í di èso fúnra rẹ̀. Kòkòrò tíńtín kan tó ń fò, tó kéré débi pé ojú lásán lè má tètè rí i, ló ń gbé ìyẹ̀ òdòdó láti ara igi kan dé òmíràn. Inú ewé kòkó tó ń jẹrà nílẹ̀ àti inú ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ló ń yé ẹyin sí. Nínú 100 òdòdó, èyí tó ń di èso kì í sábà ju márùn-ún lọ. Ẹni tó bá gbá ewé ilẹ̀ dànù tán, tó tún fín òògùn apakòkòrò káàkiri oko ní kùtù hàì nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ó ń dín márùn-ún yẹn kù ni. Kí ewé máa wà nílẹ̀, kí a gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wẹ́wẹ́ sábẹ́ igi. Bí kápúsíìdì bá pọ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kìíní, ojú ibi tí a ti rí wọn nìkan ni ká fín. Èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́ ilé lórí igi máa ń pa kápúsíìdì. Bó tilẹ̀ ń jẹni, ẹ má ṣe tú ilé rẹ̀ ká.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí fífín, ara ẹni tó ń fín ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ìlera loògùn ọrọ̀. Òògùn tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, tí èdìdì rẹ̀ kò sì tíì já, ni ká rà. Ká ka ìwé ara ike náà kí a tó bù ú. Bí ojú bàbá kò bá ríran dáadáa, kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sókè, ṣùgbọ́n kí ọmọdé àti aboyún má fọwọ́ kan òògùn, kí wọ́n má sì sí nínú oko lọ́jọ́ náà. Awọ ara ni májèlé ń gbà wọlé jù. Nítorí náà, páǹpù tó ń jò sẹ́yìn ẹni tó gbé e kò yẹ kó wọ oko. Ká kọ́kọ́ bu omi lásán sí i, ká wò ó bóyá ó ń jò. Ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù alápá gígùn, bàtà róbà, ìbọ̀wọ́ róbà, awò ojú àti ìbomú ni aṣọ iṣẹ́ náà. Ká fín nígbà tí ìrì ti gbẹ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀, ká sì kẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Lẹ́yìn iṣẹ́, ká wẹ̀, ká fọ aṣọ náà lọ́tọ̀. Ká ṣan ike òfìfo lẹ́ẹ̀mẹta, ká da omi rẹ̀ sínú páǹpù, ká sì lu ike náà ní ihò kí ẹnikẹ́ni má baà fi í rọ epo. Iye ọjọ́ tí ike bá ní ká dúró kí a tó kórè ni ká dúró.

Bí òògùn bá wọ ara ẹnìkan, ká bọ́ aṣọ rẹ̀, ká fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, ká má ṣe mú un bì tipátipá, ká gbé ike òògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn. Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ fún májèlé oko, ẹ má jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yẹn fi àkókò ṣòfò. Ní ti paraquat, òògùn apakoríko tí NAFDAC fòfin dè láti 1 oṣù kìíní ọdún 2024, kò ní ẹ̀rọ̀ rárá. Ẹnu kan péré lè pa àgbàlagbà. Bí wọ́n bá ṣì ń tà á lábẹ́lẹ̀, ẹ má rà á.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń rò sí i

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó alágbàṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìgboro, owó iṣẹ́ òòjọ́ ti gun òkè, òògùn sì ń yá. Kí a fi ìṣirò dáhùn. Èso bíi 25 ló ń fúnni ní kìlò kan kòkó gbígbẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 1,600 èso ló wà nínú àpò kan tó wọn kìlò 64. Kí àgbẹ̀ ka iye èso tó dúdú nígbà tó bá yípo oko, kó fi 25 pín in, iye kìlò tó sọnù yóò hàn. Kó wá fi owó kìlò náà wé owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Níbi tí àrùn bá ti ń jà, owó ohun tó sọnù ló sábà máa ń pọ̀ jù. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́ ní àsìkò òjò, àáró ṣì wà: kí àgbẹ̀ mẹ́rin tí oko wọn sún mọ́ra pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí gbogbo wọn jọ yípo oko ẹnìkan lóòjọ́. Àrùn kò mọ ààlà oko, àǹfààní iṣẹ́ náà yóò kan gbogbo wọn.

Àtakò kejì ni ti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Kí ló dé tí yóò fi gbin igi ìbòòji sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí onílẹ̀ lè wá gé e tà lọ́la? Ìbẹ̀rù yìí tọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò sì lè lé e lọ. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí kí igi tó wọlẹ̀, kí wọ́n sọ ẹni tó ni pákó rẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe pín in. Títí di ìgbà náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi eléso ni kó fi dí ihò. Ní ti yíyípo oko àti kíká èso dúdú, kò sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, èrè ọdún kan náà ni.

Àwọn kan yóò ní ó sàn kéèyàn ṣí igbó tuntun, níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá, tí àrùn kò tíì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe láti ìpẹ̀kun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí igbó ṣì pọ̀. Lónìí, ohun tó kù kò ju irú Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Igbó Ọlúwa ní ìpínlẹ̀ Òǹdó lọ, ìjọba ló sì ni wọ́n. Òfin tí àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, sọ pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá kò ní wọ ọjà wọn. Oko àtijọ́ ni ká tún ṣe. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ká gé igi tó ti darúgbó ní dídagun ní bíi ẹsẹ̀ bàtà kan sókè ilẹ̀, ká yan èéhù tó lágbára jù, ká yọ ìyókù. Níbi tí igi ti kú, ká gbin irú tuntun tí CRIN gbé jáde, TC1 dé TC8, tó ń tètè so.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé kí ni èrè rẹ̀ bí àwọn tó ń ra kòkó bá ń ra dídára àti àìdára ní iye kan náà. Ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò sì dára. Ọjà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ń lọ sókè sódò: tọ́ọ̀nù kan lé ní dọ́là 10,000 lágbàáyé ní ọdún 2024, ó sì ti já wálẹ̀ gidigidi lẹ́yìn náà. Ìdí gan-an nìyẹn tí èrè iṣẹ́ ọwọ́ kò fi dúró lórí ẹni tó ń ra kòkó. Èso tí kò jẹrà lèrè, owó òògùn tí a kò ná lèrè, gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí kòkó tó dé orí ìwọ̀n. Ká má wá bà á jẹ́ nílé: ká fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ká máa yí i padà lọ́jọ́ méjì méjì, ká sá a sórí ẹní tàbí àkéte gíga títí ọ̀rinrin rẹ̀ kò fi ní ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ, ká má sá a sórí títì ọlọ́dà, ká má sì fi èéfín igi yan án.

Kí ẹnikẹ́ni má kàn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán. Ẹ pín oko yín sí méjì lọ́dún yìí. Ẹ máa tọ́jú apá kan bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní apá kejì, ẹ tẹ̀lé ètò tí a là sílẹ̀ yìí: ẹ mú èso gbígbẹ kúrò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yípo lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní àsìkò òjò, ẹ dí ihò ìbòòji, ẹ fín òògùn kìkì níbi tí ẹ bá rí kòkòrò tàbí tí àrùn bá kọjá agbára ọwọ́. Ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ owó alágbàṣe, owó òògùn àti iye kìlò ti apá kọ̀ọ̀kan sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ẹ bá ta kòkó tán, ẹ yọ ìnáwó kúrò nínú owó tó wọlé ní apá méjèèjì. Ohun tí ìwé yẹn bá sọ ni kí ẹ fi ṣe ètò oko yín lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi han àwọn aládùúgbò oko yín.